Bíréèkì Tó Mú Tí Kò Tú Sílẹ̀

Ọlọ́kadà tó ń ná Ìkìrun sí Ìnísà, tó sì ń tibẹ̀ dé Òkukù, ti máa ń mọ̀ lára kí mẹkáníìkì tó dá sí i. Ọ̀kadà á ṣàdédé wúwo. Ó fún un níná, kò sáré bó ṣe yẹ. Ó dẹwọ́, kò yí jìnnà kó tó dúró. Epo tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, òórùn nǹkan tó ń jó á máa ti ìdí táyà wá. Bíréèkì ló há.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba irinṣẹ́. Ẹ fi dọ́bù sítáǹdì gbé ọ̀kadà dúró, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kí ẹ fọwọ́ yí táyà. Èyí tára rẹ̀ dá á yí lọ díẹ̀ kó tó dúró. Èyí tó há kò ní yí dé ibì kan. Bó bá jẹ́ pé ìrìnàjò lẹ ti ń bọ̀, ẹ má fọwọ́ kan họ́ọ̀bù. Ẹ kán omi sí i. Bí omi bá hó ṣàà, ẹ ti rí ìdáhùn.

Dírọ́ọ̀mù ni bíréèkì ẹ̀yìn púpọ̀ nínú Bajaj àti TVS tí à ń gùn. Ṣúù méjì ló wà nínú họ́ọ̀bù. Irin kékeré tí wọ́n ń pè ní kámù ló ń tì wọ́n mọ́ ara dírọ́ọ̀mù, sípíríǹgì ló sì ń fà wọ́n padà. Bó bá há, ohun tó yẹ kó fà á padà ni ká wò, kì í ṣe ohun tó mú un. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ò tilẹ̀ dé inú họ́ọ̀bù: wọ́n fa ṣéènì tó dẹ̀, táyà sún sẹ́yìn, ọ̀pá bíréèkì wá le, kò sì sẹ́ni tó rántí dẹ nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ lè tẹ pẹ́dàlì wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kí bíréèkì tó mú. Bí àyè yẹn bá wà tó ṣì há, ẹ tú họ́ọ̀bù. Ó lè jẹ́ pé eruku ọyẹ́ àti omi òjò ti mú kámù dípẹtà, tàbí kí sípíríǹgì ti rọ. Ẹ nu kámù mọ́, ẹ fi gíríìsì pa á, ṣùgbọ́n kó mọ níwọ̀n, nítorí ṣúù tí gíríìsì bá kàn kì í mú mọ́.

Gbogbo èyí ṣeé fojú rí. Dísìkì iwájú ló fara sin. Honda ti fi dísìkì tó ń fi òróró ṣiṣẹ́ sí iwájú CB750 ní 1969, irú rẹ̀ sì ti wà lára àwọn ọ̀kadà tí à ń gùn báyìí. Kò sí kébù níbẹ̀, kò sí kámù. Ọwọ́ á tẹ lífà, òróró á gba inú họ́ọ̀sì lọ ti písítìnnì, pádì á sì fún dísìkì mọ́ra. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1662, ló ṣàlàyé rẹ̀: bí a bá tẹ omi tí a sé mọ́ ibì kan, agbára náà á dé gbogbo ara omi yẹn bákan náà.

Kí ló wá ń fà á padà nígbà tí kò sí sípíríǹgì lẹ́bàá táyà? Òrùka róbà tó yí písítìnnì ká ni àkọ́kọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ awọ apá yín, ẹ tì í síwájú láìjẹ́ kó yọ̀, kí ẹ wá dẹwọ́: awọ á fa ìka padà sí ààyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni róbà yẹn ń fa písítìnnì sẹ́yìn, díẹ̀ báyìí, àmọ́ ó tó. Èkejì ni ihò tín-ín-rín kan lábẹ́ agolo òróró tó wà lára áńdù. Bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí lífà, ihò náà á ṣí kí òróró tó ti gbóná, tó sì ti wú, lè padà sínú agolo.

Ihò yìí ló wà nídìí ohun tó máa ń rú ọlọ́kadà lójú. Ọ̀kadà kúrò ní Ìkìrun láìsí wàhálà. Kó tó dé Òkukù, iwájú ti há. Ó sinmi lábẹ́ igi, ó tún tú. Ìdọ̀tí ti dí ihò, tàbí wọ́n ti fún lífà le débi pé písítìnnì òkè, èyí tí lífà ń tì, kò lè padà délé. Òróró gbóná, ó wú, kò rọ́nà lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti pádì fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń tì í ni ooru ń pọ̀ sí i.

Ẹni tó bu ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì sínú agolo yẹn nígbà tí òróró lọ sílẹ̀ ti ṣe é léṣe. Ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì, pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì ń mú róbà inú rẹ̀ wú, róbà tó bá wú á bo ihò. Òróró bíréèkì tí wọ́n kọ sára ìdérí agolo ni kí ẹ rà, ìbáà ṣe DOT 3 tàbí DOT 4. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, àmọ́ ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti fa omi, ìlànà gbà kó hó ní 155°C. Omi yẹn kan náà ló ń mú písítìnnì dípẹtà.

Láti mọ ibi tó há, òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá há lọ́wọ́. Ẹ dẹ bólìtì họ́ọ̀sì lẹ́bàá agolo, kí ẹ fi àkísà gba òróró nítorí ó ń bó ọ̀dà. Bí táyà bá tú, òkè ni àìsàn wà. Bí kò bá tú, ẹ dè é padà, ẹ wá ṣí níbùlù ìsàlẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ń gbà lé afẹ́fẹ́ jáde. Bó bá tú níbẹ̀, họ́ọ̀sì ló ti wú nínú. Bó bá ṣì há, písítìnnì ìsàlẹ̀ tàbí àwọn píìnì tí kálípà, ilé písítìnnì yẹn, ń rìn lé lórí ló ti dípẹtà. Ẹ lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó gùn ún.

Àwọn kan á ní kí wọ́n fi fáìlì ha pádì kó lè fúyẹ́. Ọ̀kadà á yí lóòótọ́, títí òróró á fi tún gbóná. Ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè ohun tí kò jẹ́ kó padà. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má tíì sanwó pádì tuntun.