Ìpara Abóra àti Ọmọ Ẹnu Ọmú

Bí obìnrin bá wà nínú oyún, àbàwọ́n dúdú a máa yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí rẹ̀ nígbà mìíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, àbàwọ́n náà a máa ṣá fúnra rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan kì í lè mú sùúrù. Wọn a lọ ra ìpara abóra. Ní etíkun Àgbádárìgì, níbi tí ọjà òkèèrè ti ń gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ó yẹ kí gbogbo ìyá ọlọ́mọ mọ ohun tí ó wà nínú ìgò kí wọ́n tó fi para.

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó léwu jù ni mákúrì, irin olómi tí ó máa ń dán nínú gíláàsì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà láyé àtijọ́. Ó ń gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó lè bọ́ sínú omi ọmú. Ó tún lè ran ọmọ láti ọwọ́ àti aṣọ ìyá tí ó gbé e mọ́ra.

Ní ọdún 2018 ni Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu Àdéhùn Minamata, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dènà mákúrì. Ní ọdún 2023, wọ́n fi ẹnu kò pé lẹ́yìn ọdún 2025, a kò gbọdọ̀ ṣe ìpara tí mákúrì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ kó o wọ̀lú.

Kí ìyá yẹ ara ìgò wò dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀wé lè bẹ ọmọ ilé-ìwé kí ó kà á fún un. Bí a bá rí calomel, mercuric, mercurous tàbí Hg níbẹ̀, mákúrì ni. Bí ìwé rẹ̀ bá kìlọ̀ pé kí ìpara náà má ṣe kan wúrà tàbí fàdákà, kí a fura: ohun tí ń ba wúrà jẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi para gbé ìkókó. Èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kí a má rà á.

Kí ìyá tí ó ti ń lo irú rẹ̀ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó fọ ọwọ́ àti ọmú rẹ̀, kí ó sì gbé ìgò náà lọ fi han nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Kí ó má ṣe dá já ọmọ lẹ́nu ọmú láìgba ìmọ̀ràn. Òrí àti àdí àgbọn, tí Àgbádárìgì kò ṣàìní, tó láti mú awọ jọ̀lọ̀. Ojú tí ó ṣú lè padà mọ́, ṣùgbọ́n a kì í ra kíndìnrín ọmọ lọ́jà.