Ẹ̀yà, Ìsọ̀rí àti Ìran: Ìyàtọ̀ Àbùdá láàrin Bakitéríà Òtútù Àyà Ẹlẹ́dẹ̀

Ní ilé-iṣẹ́ àjẹsára ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, tí iṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró ní 1991, ni a ti ń ṣe àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná rí. Irú àjẹsára kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tó láti ṣẹ́gun àrùn náà, tí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970. Olùkọ́ lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀, nítorí òtútù àyà ẹlẹ́dẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe bakitéríà kan ṣoṣo ni ó ń fà á. Mycoplasma hyopneumoniae kò ní ògiri ara; nítorí náà pẹnisílíìnì, tí ó jẹ́ pé ògiri bẹ́ẹ̀ ni ó ń bàjẹ́, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Actinobacillus pleuropneumoniae ní ògiri ní tirẹ̀, ó sì lè pa ẹlẹ́dẹ̀ láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ìyàtọ̀ ẹ̀yà sí ẹ̀yà nìyí.

Inú ẹ̀yà kan náà pàápàá kò ṣe ọ̀kan. Ṣúgà ni a fi hun ìbora tí ó wà lára Actinobacillus. Àwọn jíìnì kan ni ó ń pinnu irú ṣúgà náà; bí jíìnì bá yàtọ̀, ìbora a yàtọ̀. Ìsọ̀rí 19 ni a ti mọ̀. Ìbora yìí wà lára ohun tí ara ẹlẹ́dẹ̀ fi ń dá ọ̀tá mọ̀: àjẹsára tí a fi òkú bakitéríà ìsọ̀rí 1 ṣe lè dènà ìsọ̀rí 1, kí ìsọ̀rí 7 sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí olùtumọ̀ bá pe gbogbo èyí ní "oríṣi", àgbẹ̀ yóò ra àjẹsára tí kò bá àrùn inú ọgbà rẹ̀ mu. Owó a lọ, ẹran a sì kú. Ó yẹ kí "ẹ̀yà" dúró fún Actinobacillus pleuropneumoniae lódindi, kí "ìsọ̀rí" jẹ́ ti àwọn tí ìbora wọn bára mu, kí "ìran" sì jẹ́ ti àwọn tí ó ti ara bakitéríà kan ṣoṣo pín wá. Ìran méjì lè wà nínú ìsọ̀rí kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó wọ aṣọ ẹbí kan náà kò ṣe níwà kan náà.

Ìlànà yìí wúlò fún òtútù àyà ọmọ ènìyàn pẹ̀lú. Àjẹsára tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìkókó ní 2014 wà fún ìsọ̀rí 10 nínú bakitéríà kan tí ìsọ̀rí rẹ̀ ju 90 lọ. Ìyá tí a bá sọ èyí fún yóò mọ̀ pé ọmọ tí ó ti gba àjẹsára ṣì lè ní òtútù àyà, kò sì ní fi ilé ìwòsàn falẹ̀.