Ìwé Mímọ́ àti Ìṣọ́ Ọkàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ mu gidigidi. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni àlá burúkú a máa jí lóru. Wọn a dìde jókòó, wọn a ṣí Bíbélì, wọn a sì ka Sáàmù títí ara yóò fi balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kù sí ọ̀la ń ṣe é. Olùkọ́ tí ó ṣètò ìdánwò náà ń ṣe é pẹ̀lú. Kí ni ọ̀rọ̀ inú ìwé ń ṣe tí a fi ń pè é ní ààbò fún ọkàn? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn.

Àṣà yìí ní ìtàn. Ní 1850 ni a tẹ Lẹ́tà sí Àwọn Ará Róòmù tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀ sí èdè wa. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 1918, ẹgbẹ́ aládùúrà kan dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1925, Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbilẹ̀ ní Iléṣà. Àwọn aládùúrà wọ̀nyí ní kí ọmọ ìjọ sọ oògùn nù, àdúrà àti Sáàmù ni wọ́n sì fi dípò. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Tuesday Adamo, tí ó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, fi hàn pé wọ́n ní Sáàmù kan fún ààbò, òmíràn fún ìwòsàn, òmíràn fún àṣeyọrí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Ẹni tí a bí sí àárín ọfọ̀ mọ̀ pé ohùn ní agbára. Nínú ọfọ̀, a ní láti mọ orúkọ àti orírun ohun tí à ń pè, a kò sì gbọdọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Bí a bá ṣì í, iṣẹ́ bàjẹ́. Ó rọrùn, nígbà náà, láti gbé Sáàmù sí ipò ọfọ̀: kí á kà á lẹ́ẹ̀méje, kí á tan àbẹ́là, kí omi wà nínú ìgò, kí á má sì bìkítà fún ohun tí ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa èyí. Nínú Ìhìnrere Mátíù, orí kẹrin, ebi ń pa Jésù ní aginjù, olùdánwò sì kọlù ú nígbà mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Jésù fi ọ̀rọ̀ inú Deutarónómì dá a lóhùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni pé olùdánwò pẹ̀lú ka Ìwé Mímọ́. Sáàmù 91 ni ó sì kà, èyí gan-an tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà kí á tó sùn! Bí ó bá jẹ́ pé ìró ohùn nìkan ni ààbò, ẹnu olùdánwò kì bá tí lè pe ọ̀rọ̀ náà. Òye ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀kan gé ọ̀rọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ láti fi dẹ pàkúté, èkejì mọ ìdí tí a fi sọ ọ́.

Báwo, nígbà náà, ni Sáàmù ṣe ń ṣọ́ ọkàn? Ẹ jẹ́ kí á wo Sáàmù 42 àti 43, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí orin kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni akọrin kọjú sí ọkàn ara rẹ̀, tí ó bi í léèrè ìdí tí ó fi rẹ̀wẹ̀sì, tí ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó ní ìrètí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sáàmù 13: ẹsẹ mẹ́fà péré ni, ẹkún ni ó fi bẹ̀rẹ̀, orin ni ó fi parí. Ẹni tí ó bá fi òye kà á yóò bá akọrin rìn láti inú ẹ̀rù dé inú ìgbẹ́kẹ̀lé. Ìrìn yìí gan-an ni ààbò náà.

Pọ́ọ̀lù fi iṣẹ́ ológun ṣe àpèjúwe ohun kan náà. Nínú Éfésù, orí kẹfà, ó ka ohun ìhámọ́ra mẹ́fà, àṣíborí sì wà nínú wọn. Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ ‘àṣíborí’ tí kò ní ronú ré kọjá agbárí, nítorí orí ni ibùjókòó ìpín ẹni. Nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì, ó fi àlàáfíà Ọlọ́run wé ẹ̀ṣọ́ tí ń dáàbò bo èrò onígbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó lò jẹ́ ti àwọn ọmọ-ogun tí ń ṣọ́ ìlú. Ní ilẹ̀ wa, oníbodè ni à bá pè é. Oníbodè kì í lé gbogbo ènìyàn. A máa bi àlejò pé, níbo lo ti ń bọ̀, kí lo sì rù? Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí Ìwé Mímọ́ máa bi èrò tí ó bá kanlẹ̀kùn ọkàn. Ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e sì ka irú èrò tí ó yẹ kí á gbà wọlé: òtítọ́ ni ó fi ṣáájú.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá fìdírẹmi nínú ìdánwò, tí ó sì rí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin lójú àlá, èrò kan yóò kanlẹ̀kùn pé obìnrin náà ni ó ń ṣe é. Bí kò bá sí oníbodè, èrò náà yóò wọlé. Ọmọ náà yóò ṣí Sáàmù 109, yóò sì fi orúkọ ẹni tí ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí i. Ó rò pé òun ń lé ọ̀tá jáde, kò mọ̀ pé òun ti gba ọ̀tá sílé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ìdààmú ọkàn ni ó jẹ́ ìkọlù ẹ̀mí. Ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, Dókítà T. A. Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn aláìsàn ọpọlọ àti ìbátan wọn fi ń gbé láàrin àwọn ará abúlé, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ó sì ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó ka Sáàmù rẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Òye ni amọ̀ tí a fi ń dí ihò ara ògiri. Ẹni tí ó bá ka ẹsẹ kan tí ó yé e, tí ó sì fi yẹ èrò ara rẹ̀ wò, ti dí ihò kan. Aláǹgbá yóò wá ibòmíràn lọ.