NNS Aradu

NNS Aradu (nọ́ńbà F89) jẹ́ ọkọ̀ ogun oní-mísáìlì ti Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Ojú Omi Nàìjíríà. Fìrígéètì ni, ìyẹn ọkọ̀ ogun tí ó lè bá ọkọ̀ orí omi, ọkọ̀ abẹ́ omi àti bàálù jà. Iléeṣẹ́ Blohm + Voss ni ó kàn án ní ìlú Hamburg, ní Jámánì. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980, ó sì wọṣẹ́ ní ọdún 1982. Republic ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aradu túmọ̀ sí àrá ní èdè Haúsá.

Ìran MEKO

Aradu ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìran ọkọ̀ tí à ń pè ní MEKO. Nínú ìlànà yìí, a máa ń to àgbá, mísáìlì àti rédà sórí ìpìlẹ̀ tí ó dá dúró, tí a lè gbé wọlé tàbí yọ jáde láìgé ara ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí kì í wúlò bí èyí tí a fẹ́ fi rọ́pò kò bá sí nílẹ̀.

Orísun àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ

Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ohun èlò Aradu ti wá. Ítálì ni ó ṣe àgbá 127 mm rẹ̀ àti mísáìlì Aspide tí ó wà fún bàálù. Ítálì àti Faransé ni wọ́n jọ ṣe mísáìlì Otomat mẹ́jọ tí ó wà fún ọkọ̀ ọ̀tá. Ẹ́ńjìnnì dísù MTU méjì láti Jámánì ni ó ń lò fún ìrìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá fẹ́ sáré, a yí sí tọ́báìnì Olympus méjì tí Rolls-Royce ṣe ní Bírítéènì, tí ó jẹ́ ìran ẹ́ńjìnnì tí bàálù Concorde lò. Nítorí náà, àtúnṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo gba àdéhùn pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oníṣòwò, owó òkèèrè ni a sì fi ń san án.

Ìṣòro àìníkejì

Ọ̀kan ṣoṣo irú rẹ̀ ni Nàìjíríà rà, kò sí èkejì tí a lè yá ẹ̀yà lára rẹ̀. Ajẹntínà ní mẹ́rin tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n Exocet ni mísáìlì tiwọn, wọn kò sì ní ẹ́ńjìnnì dísù bíi ti Aradu. Bírítéènì pàápàá, tí ó lo Olympus nínú àwọn ọkọ̀ ogun Type 42, dá èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn dúró ní ọdún 2013.

Ní ọdún 2005, Aradu lọ sí Bírítéènì fún àjọ̀dún igba ọdún Ogun Trafalgar. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti lò ní èbúté Èkó láìlè lọ sójú òkun.

Àwọn ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e

NNS Thunder (2012) àti NNS Okpabana (2015), tí Amẹ́ríkà ti lò rí, jẹ́ ìran kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní mísáìlì. Ọgbà ìkànkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Èkó ti kan NNS Andoni, Karaduwa àti Oji fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí ń ṣọ́ etíkun ni wọ́n. Ẹ̀yà ara fìrígéètì oní-mísáìlì ṣì ń ti òkè òkun wá.