Awò Rí Ọ̀nà, Ọta Ò Rí I

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà bi mí bí a ṣe lè pe chronograph ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni: khronos ni àkókò, graphein ni kíkọ. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí pápá ìyìnbọn kì í kọ nǹkan kan, eré ọta ló ń wọ̀n. Òṣùwọ̀n eré ọta ni èmi pè é.

Ojú méjì ló ní. Bí ọta bá kọjá lókè èkíní, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Bó bá kọjá lókè èkejì, á dúró, á sì fi àkókò náà pín àlàfo tó wà láàárín wọn.

Wàhálà rẹ̀ rèé: awò orí ìbọn sábà máa ń ga ju ihò ìbọn lọ ní nǹkan bí ínǹṣì 1.5. Ojú lè rí ọ̀nà gbangba nínú awò, kí ọta sì gba ìsàlẹ̀ fọ́ ẹ̀rọ. Ẹ má gba awò gbọ́ o! Kí ẹ tó ki ọta sí i, bí irin ìdí ìbọn bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ gba ẹ̀yìn wo inú ihò náà gan-an.

Ẹ gbé ẹ̀rọ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15 níwájú ìbọn, torí afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lẹ́nu ìbọn lè bà á jẹ́, ó sì lè mú kó ṣìrò. Ẹ fi ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò ọ̀pá irin tó gbé ìbòji rẹ̀ dúró. Bí ọta bá bà á, igi á kán, ẹ̀rọ á yè.

Ẹ má sì lọ tún un tò àfi tí gbogbo èèyàn bá ti gbé ìbọn sílẹ̀. Ẹ̀rọ ṣeé rà padà, èèyàn ò ṣeé rà.