Pípààrọ̀ Kílọ́ọ̀ṣì Fáànù Ọkọ̀ Nílé: Àlàyé fún Awakọ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìfáárà
Ọ̀kan lára ohun tí awakọ̀ ń bẹ̀rù jù ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni kí ẹ́ńjìnnì gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn ìsọ̀ ojú títì Òṣòdì kúrò ní ọdún 2009, wọ́n sì ṣí ibùdókọ̀ ńlá síbẹ̀ ní ọdún 2019. Síbẹ̀, ọkọ̀ ṣì máa ń tò pẹ́ lójú kan. Bí omi rédíétọ̀ bá hó, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré lọ ra rédíétọ̀ tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Òwe amúkùn-ún bá ọ̀rọ̀ náà mu: òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Nígbà mìíràn, kílọ́ọ̀ṣì fáànù ló ti kú.

Iṣẹ́ Kílọ́ọ̀ṣì Fáànù
Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in. Danfó Volkswagen àtijọ́ kò lo omi rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ọ̀pọ̀ Toyota Camry àti Corolla ń lo fáànù oníná. Nínú ọ̀pọ̀ Hilux àti Hiace, kílọ́ọ̀ṣì yìí ló wà láàárín wọ́tà-pọ́ǹpù àti fáànù.

Òróró sílíkónì tó ki ló wà nínú rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ní irin pẹlẹbẹ tí a ká, èyí tí a fi irin oríṣi méjì lẹ̀ pọ̀ ṣe. Ooru kì í fẹ àwọn méjèèjì bákan náà. Bí atẹ́gùn tó gba inú rédíétọ̀ wá bá gbóná, irin náà á yí, á ṣí ọ̀nà fún òróró, fáànù á sì yára. Bí ó bá tutù, òróró á padà, fáànù á dẹwọ́, epo kò sì ní ṣòfò.

Àmì Àìsàn Rẹ̀
Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nígbà tó dúró, tó sì ń tutù nígbà tó ń sáré, kílọ́ọ̀ṣì ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń mú atẹ́gùn wọlé. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a yọ kọ́kọ́rọ́, kí a fọwọ́ yí fáànù. Bí ó bá ń yí láìṣe agídí rárá, tí ó ń mì, tàbí tí òróró òun eruku lẹ̀ mọ́ iwájú kílọ́ọ̀ṣì, ó tó pààrọ̀.

Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀
1. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá; a kì í ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Kí a tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò.
2. Kí a fi páálí bo ẹ̀yìn rédíétọ̀, kí irin má baà gún un, kí a sì tú ike tó yí fáànù ká.
3. Kí a dẹ nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó mú kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí bẹ́líìtì ṣì le, nítorí bẹ́líìtì ni kò ní jẹ́ kó máa yí. Nínú àwọn BMW àtijọ́ kan, nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ni, òdìkejì ni a sì ń tú u sí.
4. Kí a gbé fáànù àti kílọ́ọ̀ṣì jáde, kí a sàmì sí ojú tí fáànù kọ sí, kí a sì tú wọn. Fáànù tó bá ti sán kò gbọdọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí a mi ọ̀pá wọ́tà-pọ́ǹpù wò. Kò yẹ kó jì.
5. Kí a de tuntun, kí a fún nọ́ọ̀tì wọn ní ìdojúkọra, kí a fọwọ́ yí fáànù wò kí a tó tan ọkọ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn kan a máa jó kílọ́ọ̀ṣì tó kú pọ̀ kí fáànù lè máa yí nígbà gbogbo. Ọgbọ́n òní, ẹ̀dùn ọ̀la ni: ó ń jẹ epo, ó ń ba wọ́tà-pọ́ǹpù jẹ́, abẹ fáànù sì lè já nígbà eré kó ṣe ènìyàn léṣe. Fún olùkọ́, kílọ́ọ̀ṣì tó ti kú kì í ṣe pàǹtí. Bí a bá gbé e síwájú akẹ́kọ̀ọ́, tí a mú irin rẹ̀ súnmọ́ ooru, wọn yóò fojú ara wọn rí i pé ooru ń fẹ irin.