Orúkọ Tuntun, Irinṣẹ́ Àtijọ́: Ìyípadà Orúkọ nínú Èdè Kọ̀ǹpútà Python

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan àwọn tí ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Irú èdè bẹ́ẹ̀ ni a fi ń kọ ètò, èyí tí í ṣe àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé. Python, tí Guido van Rossum kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1991, kì í dá wá. Àkójọ irinṣẹ́ kan máa ń bá a rìn: èyí tí ń wo aago, èyí tí ń ka fáìlì, èyí tí ń yẹ iṣẹ́ wò. Orúkọ ni a fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú orúkọ náà, kọ̀ǹpútà kò ní dáhùn. Ìdí nìyí tí yíyí orúkọ irinṣẹ́ padà, tàbí yíyọ ọ́ kúrò, fi jẹ́ ọ̀ràn tí ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí tí orúkọ fi ń yí padà

Nígbà mìíràn, ìdí náà kò ju ìmọ́tótó lọ. Ní Python 3.0, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Queue di queue, ConfigParser di configparser, nítorí pé lẹ́tà kékeré ni ìlànà èdè náà fẹ́ fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìdí ti time.clock wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí Unix, àkókò tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà fi ṣiṣẹ́ gan-an ni ó ń kà; lórí Windows, gbogbo àkókò tí ó ti kọjá ni, títí kan èyí tí ètò náà fi sinmi. Orúkọ kan, iṣẹ́ méjì. Àwọn alábòójútó gbé time.process_time àti time.perf_counter kalẹ̀ dípò rẹ̀ ní Python 3.3 (2012), wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní Python 3.8 (2019).

Láàárín ọdún méje náà, orúkọ àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé a kì í ṣàdédé yọ irinṣẹ́. Wọn yóò kọ́kọ́ kéde pé ó ń lọ, kí àwọn ènìyàn lè múra. Nígbà mìíràn, orúkọ méjì a máa wà fún ohun kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Akọ̀wé tàbí Eyínfúnjowó, tí àwọn òbí sì ń pè é ní orúkọ àbísọ. Ẹni kan náà ní ń dáhùn. Báyìí ni assertEquals ṣe wà pẹ̀lú assertEqual. Python 3.2 kìlọ̀ ní ọdún 2011 pé kí a fi èkíní sílẹ̀. Ọdún 2023 ni Python 3.12 tó pa á rẹ́.

Ìkìlọ̀ tí etí kò gbọ́

Ọdún méjìlá gùn, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí kò hàn kò ṣeé gbọ́. Láti Python 2.7 (2010) ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń pamọ́ àyàfi tí ènìyàn bá béèrè fún un, kí ó má baà dààmú ẹni tí ń lo ètò tí kò mọ bí a ṣe kọ ọ́. Python 3.7 (2018) tún un ṣe díẹ̀: ó ń hàn nínú fáìlì tí ènìyàn fúnra rẹ̀ pè, kì í ṣe nínú èyí tí ó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Orúkọ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀

Síbẹ̀, irinṣẹ́ tí a yọ kúrò kì í tan ènìyàn jẹ. Python 3.13 yọ irinṣẹ́ 19 kúrò ní ọdún 2024, cgi àti telnetlib lára wọn; ètò tí ó bá pè wọ́n yóò dúró, yóò sì sọ ohun tí òun kò rí. Èyí tí ó léwu ni orúkọ tí ó dúró tí iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ní Python 2, raw_input ń gba ohun tí ènìyàn tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n input ń ṣe é bí àṣẹ, àfi bí ẹni pé ara ètò náà ni. Ewu wà níbẹ̀, nítorí pé àlejò lè tẹ àṣẹ búburú. Python 3 pa iṣẹ́ input àtijọ́ tì, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ fún raw_input. Kí a wo ètò yìí:

a = input()
b = input()
print(a + b)

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ 12 àti 3, Python 2 yóò dáhùn pé 15. Python 3 yóò dáhùn pé 123, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àṣìṣe kankan kò hàn, ìkìlọ̀ kò sì sí. Nínú kíláàsì tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti Python 2, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ ti Python 3, ẹni tí ó kọ print láìsí àmì àkámọ́ yóò rí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀, olùkọ́ yóò sì bá a tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí 123 lè rò pé òun ni òye iṣẹ́ náà kò yé. Olùkọ́ tí kò mọ ìtàn orúkọ náà sì lè gbà bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́jú Python 2 dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún un síwájú láti ọdún 2015. Ìwé tí a ti tẹ̀ kò mọ̀. Olùkọ́ tí irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀dà èdè tí ìwé náà dá lé lórí, yóò sì fi àṣẹ python -W default dán àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan wò, kí ìkìlọ̀ tí ó pamọ́ lè hàn. Ní ti input, àṣẹ náà kò ní sọ ohunkóhun. Bírò ni olùkọ́ yóò fi kọ int(input()) sí etí ìwé náà.